Irun Orí Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Tà

Ní àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń kiri súìtì láti abúlé dé abúlé ní Kòríà Gúúsù kì í fi dandan gba owó. Irun ni wọ́n ń gbà. Obìnrin tí irun rẹ̀ bá gùn dáadáa á gé e, á dì í, á sì fi gba ohun tí àwọn ọmọ yóò fi sẹ́nu. Irun náà yóò dé àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Seoul, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó fi oko sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ oṣù ti ń rán an di wíìgì, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà.

Ní 1965, ìjọba Kòríà Gúúsù fòfin de títa irun lásán sókè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ irun Kòríà, wíìgì tí wọ́n ti rán tán ni kó rà. Kò pẹ́ sígbà náà tí Amẹ́ríkà fi ní òun kò gba wíìgì tó bá ní irun Ṣáínà nínú mọ́, nítorí pé ìjọba Kọ́múníìsì ló wà níbẹ̀. Nígbà tó máa fi di 1970, wíìgì nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí Kòríà Gúúsù ń rí lórí ọjà tó ń tà fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú wà lára oníbàárà tó ń rà á jù. Títí dòní, ọmọ Kòríà ló ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí obìnrin Yorùbá tó ń gbé Houston tàbí Maryland ti ń ra àtàṣímẹ́ǹtì.

Kí ló wá sọ irun orí di ọjà? Àwọn ohun tó ń mówó wọlé ti bọ́ sọ́wọ́ Kòríà Àríwá, àbúrò tó wà lókè ààlà ni.

Lóru ọjọ́ 10 mọ́jú ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ 1945, wọ́n fún ọ̀gá sójà Amẹ́ríkà méjì, Dean Rusk àti Charles Bonesteel, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti wá ibi tí wọn yóò ti pín Kòríà pẹ̀lú ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì. Máàpù ìwé ìròyìn National Geographic ni wọ́n lò. Wọ́n mú ìlà ìwọ̀n 38 kí Seoul lè wà lápá ti Amẹ́ríkà. Wọn ò bi ọmọ Kòríà kankan léèrè. Àwọn ará Jàpáànì tó jọba lé ilẹ̀ náà lórí láti 1910 ti kó àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sí Àríwá: ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ ní Hungnam, ìsédò tó ń fún wọn níná ní Supung lórí odò Yalu, pẹ̀lú èédú àti irin tó wà nínú òkè. Gúúsù ní oko ìrẹsì, ó ní ilé-iṣẹ́ aṣọ díẹ̀, ó sì ní ẹnu tó ń jẹun ju ti Àríwá lọ. Àní iná tí wọ́n ń tàn ní Seoul, láti Àríwá ló ti ń wá. Lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún 1948, Àríwá gé e.

Ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ náà tó fi owó rẹ̀ sórí Àríwá kò ya òmùgọ̀. Ogun ọdún mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ ní 1950 ba apá méjèèjì jẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Seoul bọ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn, síbẹ̀ Àríwá ló tètè gbérí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé òmìnira ló sọ Gúúsù di olówó. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gágun Park Chung Hee tó fi ìbọn gbàjọba ní 1961 kó àwọn oníṣòwò ńlá sẹ́wọ̀n, ó gba báǹkì, ó sì wá tú àwọn oníṣòwò náà sílẹ̀ kí wọ́n lè lọ kọ́ ilé-iṣẹ́. Láti 1965, ó ń jókòó lóṣooṣù bí olórí ìpàdé tí wọ́n ti ń yẹ ọjà tó jáde nílùú wò. Ẹni tó bá tajà sókè òkun ló ń rí ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kéré gbà. Ìjọba àfipáṣe ni, bíi ti Kim Il Sung tó ń ṣolórí Àríwá lókè ọ̀hún. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé àjèjì ni yóò dá ẹjọ́ ọjà Park. Ó lè fi sójà halẹ̀ mọ́ ọmọ Kòríà, kò lè fi halẹ̀ mọ́ obìnrin tó ń yẹ wíìgì wò ní Chicago. Bí rírán rẹ̀ kò bá dára, obìnrin náà á gbé e padà sórí igbá, kò sì sẹ́ni tó lè mú un.

Chung Ju-yung tó dá Hyundai sílẹ̀ mọ ìdájọ́ yìí dáadáa. Ọmọ Àríwá ni nípa ìbí. Ó jí owó màlúù tí bàbá rẹ̀ tà, ó fi sá lọ sí Seoul. Ní 1971 ó wá ẹ̀yáwó lọ sí London láti fi kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa kan ọkọ̀ ojú omi, bẹ́ẹ̀ iyanrìn etí òkun ní Ulsan ni gbogbo ohun tó ní lọ́wọ́. Ó fa owó bébà 500 won yọ lápò, ó na ìka sí ọkọ̀ ogun onírin ayé àtijọ́ tó wà lára rẹ̀: ó ní àwa ti ń kan ọkọ̀ onírin kí ẹ̀yin Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò Gíríìkì kan, George Livanos, ra ọkọ̀ agbépo méjì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò tíì síbi tí wọn yóò ti kàn wọ́n. Ní 1998, bàbá ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin náà da màlúù 1,001 lápapọ̀ gba ààlà lọ sí Àríwá nínú ìrìn-àjò méjì. Ẹyọ kan tó lé yẹn, ti bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀nà tí Ulsan là kò dí láti ìgbà náà: Geoje ní Kòríà Gúúsù ni Samsung ti kan ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń fa epo ní pápá epo Egina lójú òkun Nàìjíríà, kó tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2018.

Àwọn kan ló san owó gbogbo èyí, wọn kì í ṣe Chung. Ní oṣù Kẹjọ 1979, àwọn òṣìṣẹ́bìnrin ilé-iṣẹ́ wíìgì YH, tí ọ̀gá wọn ti ilé-iṣẹ́ pa mọ́ wọn lórí, lọ jókòó sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò ní Seoul. Ọlọ́pàá ya wọ̀ wọ́n lóru, ọ̀kan nínú wọn kú. Rògbòdìyàn tó tẹ̀lé e kò rọlẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, olórí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Park fúnra rẹ̀ yìnbọn pa á nídìí oúnjẹ alẹ́.

Àríwá náà gbìyànjú láti bá àjèjì dòwò pọ̀. Ní 1974, ó ní kí Swídìn kó ọkọ̀ Volvo ẹgbẹ̀rún kan wá. Ọkọ̀ dé, owó kò jáde. Swídìn ṣì ń kọ lẹ́tà gbèsè náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, èlé sì ń gorí èlé. Nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì tó ń gbé wọn ró túká ní 1991, epo àti ajílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú dópin; àgbàrá ya wọ oko ní 1995, ìyàn sì pa àwọn tí iye wọn kò yé ẹnikẹ́ni dòní, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye.

Obìnrin ló gba ilé là. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ìjọba lójoojúmọ́, ì báà má sí owó oṣù, ì báà má sí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wá abilékọ. Òun ló wá ń pàtẹ àgbàdo, ẹ̀wà sóyà àti aṣọ Ṣáínà sí ọjà tí wọ́n ń pè ní jangmadang. Wọ́n tà, wọ́n tọ́jú díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá 2009, ìjọba pààrọ̀ owó láìròtẹ́lẹ̀: 100 won àtijọ́ di ẹyọ won kan tuntun, ìdílé kan kò sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ju 100,000 lọ, èyí tí kò tó àádọ́ta dọ́là lọ́jà. Ìyókù di bébà. Ọjà dá, oúnjẹ wọ́n, nígbà tó sì di oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀lé e, ìjọba gbà kí wọ́n máa tajà padà. Olówó àti tálákà ibẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́: láti ọjọ́ náà, yuan Ṣáínà àti dọ́là ni wọ́n ń rì mọ́ inú ilé.

Báǹkì àgbà Kòríà Gúúsù ṣírò rẹ̀ pé ní 2023, owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Gúúsù fi nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n ju ti Àríwá lọ. Gúúsù tó lówó yìí kò fi bẹ́ẹ̀ bímọ mọ́. Lọ́dún náà, iye ọmọ tí wọ́n fojú bù pé obìnrin kan yóò bí láyé rẹ̀ níbẹ̀ wálẹ̀ sí 0.72, àwọn ọ̀dọ́ sì ń sọ pé ilé gbígbà àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ni kò jẹ́ kí àwọn gbèrò ọmọ.

Láàárín 2002 sí 2008, Seoul yá ìjọba Àríwá ní Pyongyang ní ohun èlò tó tó 132.9 mílíọ̀nù dọ́là láti fi tún ọ̀nà ọkọ̀ àti ojú irin tó so apá méjèèjì pọ̀ ṣe. Ní oṣù Kẹwàá 2024, Àríwá fi àdó olóró fọ́ ọ̀nà náà lápá tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ní Seoul kéde pé Pyongyang ṣì máa san owó náà.