Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ ìfungààrí, ẹ ka agbada yín

Bí owó àjọ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe gààrí ní Ọ̀dẹ̀dá tàbí Ọbáfẹ́mi-Owódé, ẹ̀rọ ìfungààrí tó tóbi jù ló máa ń wù ú. Ẹ̀rọ ò kúkú ń yan gààrí. Ẹni tó ní agbada kan ṣoṣo, tó ra ẹ̀rọ tó ń fún àpò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, àpò tó pọ̀ yóò jókòó títí yóò fi kan jù. Iye tí agbada lè yan lóòjọ́ ló yẹ kó fi wọn ẹ̀rọ.

Ẹni tó ṣì ń to òkúta lé àpò kò gọ̀ o. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí àpò fi wà lábẹ́ òkúta ló ń mú gààrí kan, òun náà ló ń dín oró inú ẹ̀gẹ́ kù. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kan ná, kó tó fún un.

Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí kò ní epo tí yóò kán, àmọ́ eyín irin rẹ̀ máa ń jẹ bí kò bá rí gíríìsì. Ti jáàkì, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀, kì í gba agbára púpọ̀, bó bá sì bàjẹ́, jáàkì nìkan ni wọn yóò pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí epo rẹ̀ bá kán sínú gààrí, ta ni yóò rà á ní Láfẹ́nwá? Kí oníwẹ́dà fi àwo irin sábẹ́ jáàkì, kó lè gba epo.