Ẹ Kọ́kọ́ Bi Í Léèrè Ibi Tó Ń Dùn Ún

Bí wọ́n bá mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí tramadol ti di bárakú fún, ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn àgbà sábà máa ń dà bò ó. Ta ló tà á fún ọ? Àwọn wo lẹ jọ ń lò ó? Ṣé ojú kò tì ọ́ ni? Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ìkẹrin, èyí tí mo gbà pé òun ló yẹ kó ṣáájú gbogbo wọn: Níbo ló ń dùn ọ́?

Oògùn ìrora ni tramadol. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é ní 1962, ní 1977 ni wọ́n sì gbé e jáde fún títà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ń dà láàmú, irú wọn ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní ẹkùn tiwa, láti Kétu dé Pọ́bẹ̀, láti Ṣábẹ̀ dé Àjàṣẹ́, àwọn mìíràn náà ń gbé e mì láìrí dókítà: àgbẹ̀ tó ń kọ ebè láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀, alábàárù tó ń ru àpò símẹ́ǹtì, ẹni tó ń gun zémì láti òwúrọ̀ di alẹ́ lórí ọ̀nà tó kún fún kòtò. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí fàájì ló sún wọn dé ìdí rẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ sún débẹ̀ wà pẹ̀lú, wọ́n sì pọ̀, àwọn wọ̀nyí ni a kì í kà kún aláìsàn.

Ìtàn kan wà tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan kéde pé àwọn rí tramadol nínú gbòǹgbò igi egbèsì ní àríwá Kamẹrúùnù, pé igi náà fúnra rẹ̀ ló ń pèsè ohun tí àwọn ará Jámánì rò pé ọwọ́ àwọn ló ti wá. Ó yẹ kí ìròyìn náà dùn mọ́ àwa tí a mọ egbèsì nínú àgbo. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn mìíràn lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Igi kọ́. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ló ń lo oògùn yìí kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, wọ́n sì ń fún àwọn màlúù wọn jẹ pẹ̀lú. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ènìyàn àti ti ẹran ló gbé e wọ inú ilẹ̀ àti omi, gbòǹgbò sì fà á mu. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ tún un rò: màlúù. Màlúù kì í lọ sí òde fàájì.

A kò lè sọ pé àwọn aláṣẹ sùn. Kútọnu ni Jacques Chirac, ààrẹ ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀ rí, ti ké sí gbogbo ayé ní oṣù kẹwàá 2009 pé kí wọ́n dìde sí oògùn ayédèrú. Ní oṣù kejì 2017, ọlọ́pàá wọ ọjà oògùn Ajégúnlẹ̀ ní Kútọnu kan náà. Índíà fi tramadol sábẹ́ òfin oògùn olóró ní 2018, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Lomé ní oṣù kìn-ín-ní 2020. Mo yin gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọjà nìkan ni gbogbo èyí ń dí. Ẹni tí ọjà náà ti wọ ara rẹ̀ lọ, a kò tíì mọ ohun tí a ó ṣe fún un. Lọ́dọ̀ àwọn ará ilé wa ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba àti ti àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó jáde ní 2019 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ló lo irú oògùn ìrora yìí láìtọ́ láàárín ọdún kan. Ààlà kì í sì í dí ohun tí a lè fi sínú àpò ṣòkòtò.

Kí ni oògùn náà ń ṣe nínú orí? Ara wa ní oògùn ìrora tirẹ̀, tó ń pèsè fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá fara pa tàbí tí obìnrin bá ń rọbí. Nínú ọpọlọ àti nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ni àwọn ojú kọ́kọ́rọ́ tí oògùn àbínibí yìí ń wọ̀ wà. Tramadol, gẹ́gẹ́ bíi mọfíìnì, jẹ́ kọ́kọ́rọ́ àjèjì tó ń ṣí ojú kan náà. Bí ó bá ti ṣí i, ìrora á lọ sílẹ̀. Nǹkan mìíràn á tún ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine ti ń tú jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé adùn ni iṣẹ́ dopamine. Ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ jù. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé ohun tí o ṣe yìí dára, má ṣe gbàgbé ibi tí o ti ṣe é, má ṣe gbàgbé ẹni tí ẹ jọ wà, padà wá. Láìsí i, ẹranko kò ní rántí ọ̀nà odò. Ní 1954, ní ìlú Montréal ní Kánádà, James Olds àti Peter Milner fi wáyà tín-ín-rín bọ orí àwọn eku, débi pé bí eku bá tẹ igi kékeré kan, iná á ta díẹ̀ sí apá ọpọlọ tí ọ̀nà ẹ̀kọ́ yìí gbà kọjá. Àwọn eku kan ń tẹ igi náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín wákàtí kan.

Ọpọlọ kì í sì í jẹ́ kí àlejò gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ àjèjì bá ń ṣílẹ̀kùn lójoojúmọ́, ara á sọ àwọn ojú kọ́kọ́rọ́ náà di aláìlágbára. Mílígíráàmù 50 tó tó tẹ́lẹ̀ kò ní tó mọ́. Á di 100, á di ẹyọ 225 tàbí 250 tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹyọ méjì irú èyí ti ré kọjá 400 tí dókítà kì í jẹ́ kí àgbàlagbà kọjá lóòjọ́, gìrì sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹni tó bá ń lò ó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dá a dúró lójijì, òógùn á bò ó, egungun á máa ro ó, oorun kò ní kùn ún, ẹ̀yìn tó ń dùn ún tẹ́lẹ̀ á wá máa dùn ún ju ti àtijọ́ lọ. Nora Volkow, tó pẹ́ ní ipò olórí àjọ tó ń ṣèwádìí oògùn olóró fún ìjọba Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ó rí i pé ibi tí dopamine ń bà lé ti dín kù, àti pé iwájú ọpọlọ, tí a fi ń kó ara wa níjàánu, kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé adùn ohun gbogbo yòókù ń ṣá lẹ́nu onítọ̀hún. Iyán gbígbóná, ẹ̀rín ọmọ rẹ̀, ìlù ọjọ́ ọdún, gbogbo rẹ̀ á dà bí omi lásán. Ẹni tí a ń bá wí pé ojú kò tì í, ojú ń tì í gan-an. Ohun tí yóò fi rọ́pò oògùn náà ni kò rí.

Ní ibi yìí ni mo fẹ́ kí a fetí sí iṣẹ́ tí Eric Garland ṣe ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà. Ètò ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní MORE ló dá sílẹ̀. Ní 2022, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí jáde lórí 250 àgbàlagbà tí ìrora wọn ti di ọlọ́jọ́ pípẹ́, tí dókítà ń fún ní oògùn ìrora líle, tí wọ́n sì ti ń ṣì í lò. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì bí ẹni ń ṣẹ́ gègé. Apá kan ń jókòó pọ̀ fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn rí, ẹni tó kọ́ṣẹ́ sì ń gbọ́ wọn. Apá kejì jókòó iye wákàtí kan náà, ṣùgbọ́n ètò MORE ni wọ́n kọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kọ́ ọ ni kò ṣi oògùn lò mọ́. Lápá kejì, 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Kí ni wọ́n kọ́? Wọ́n kọ́ bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́, kí èémí wọlé, kí ó jáde, kí ọkàn tẹ̀ lé e, kí ó sì tún padà bí ó bá ṣáko lọ. Wọ́n kọ́ bí a ti ń wo ìrora lójú. Ẹni tó ní “ẹ̀yìn ń pa mí” á fara balẹ̀ wò ó: ṣé ó ń ta ni, ṣé ó ń gbóná, ṣé ó ń fún? Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló parí sí? Ìrora tí a tú palẹ̀ báyìí kì í sábà tóbi tó èyí tí a sá fún. Bákan náà ni ìyánhànhàn oògùn. Alan Marlatt, olùwádìí ní Seattle tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú Garland, ló máa ń fi í wé ìgbì òkun. Ó ń gòkè, ó ń dé téńté, ó sì ń wó fúnra rẹ̀. Àwọn apẹja etíkun wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wọn: a kì í fi àyà dí ìgbì, a máa ń gùn ún ni.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí ó kan ohun rere. Wọ́n ń kọ́ ènìyàn láti tún máa gbádùn ohun kékeré: òórùn òdòdó, ojú ọ̀run nírọ̀lẹ́, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní 2019, Garland lẹ ohun èlò mọ́ orí àwọn aláìsàn láti ka ìṣísẹ̀ iná ọpọlọ wọn. Àwọn tó ti kọ́ ètò náà, ọpọlọ wọn kò fò sókè tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá rí àwòrán oògùn, bẹ́ẹ̀ ni agbára wọn láti gbádùn ohun rere mìíràn sì pọ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ ló ba ọpọlọ náà jẹ́. Ẹ̀kọ́ mìíràn ló ń tún un ṣe.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀sìn Búdà ni wọ́n fẹ́ yọ́ mú wọlé wá bá wa. Òótọ́ ni pé láti ibẹ̀ ni ìjókòó jẹ́ẹ́ yìí ti ṣẹ̀. Jon Kabat-Zinn, tó mú un wọ ilé ìwòsàn ní Massachusetts ní 1979, yọ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀. Kò sí òrìṣà tí wọ́n ń pè, kò sí àdúrà tí wọ́n ń kà. Kìtẹyà àti mùsùlùmí lè mí èémí kan náà. Èdè wa pàápàá ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí a bá ní “fara balẹ̀”, ara la ń sọ pé kó sọ̀ kalẹ̀, a kò dárúkọ ọkàn rárá. Garland náà, ara ló ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ èyí di idán. Bí 45 bá bọ́, 55 kò bọ́. Àwọn aláìsàn Utah ní dókítà tó ń tọ́jú wọn nígbà gbogbo. Ẹni tí tirẹ̀ ti wọ egungun lè nílò oògùn tó ń rọ́pò oògùn, irú methadone tí ibùdó CEPIAD ní ilé ìwòsàn Fann ní Dakar ti ń fún àwọn aláìsàn láti ìparí 2014. Àti pé kí a yé fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn mọ́ ìdí igi ní orúkọ ìwòsàn. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin, ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún láti máa tú irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. A kò gbọdọ̀ máa de àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibùgbé náà tún wà ńlẹ̀. Lee Robins tọpa àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti Vietnam padà dé ní 1971. Nínú àwọn tí heroin ti di bárakú fún lọ́hùn-ún, nǹkan bíi 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló tún padà sí i ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n délé. Wọ́n ti fi ibi tí ọpọlọ wọn ti kọ́ ọ sílẹ̀. Ọmọ tiwa, ebè kan náà, àpò símẹ́ǹtì kan náà ló ń padà lọ bá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí àwọn yunifásítì wa ní Abomey-Calavi àti Parakou má ṣe dúró de ẹ̀rọ olówó ńlá. Àga, nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ètò yìí ń béèrè. Kí wọ́n dán an wò ní Kétu tàbí ní Pọ́bẹ̀, ní èdè Yorùbá, kí wọ́n ka iye ẹni tó bọ́ àti iye ẹni tí kò bọ́, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún wa bó bá ṣe rí. Kí ẹni tó bá wá má ṣe bá ọlọ́pàá pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Kí dókítà kan wà níbẹ̀ tí yóò wo ẹ̀yìn àti orúnkún rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sì fi ìjókòó náà sí alẹ́, nítorí ẹni tó ń gun zémì kò ní fi owó ọ̀sán sílẹ̀ wá mí èémí.