Ojú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ohun à ń gé dànù



Peugeot 504 tó jáde ní 1968 kò ní kọ̀ǹpútà. Wáyà rẹ̀ ò tó nǹkan. Bí a bá wá gbé ẹ́ńjìnnì ayé òde òní sínú rẹ̀, wáyà á pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn mẹkáníìkì kan á ní: “Ẹ gé gbogbo rẹ̀!” Àwa ò gbà.

Kí wáyà dín kù, ó dáa. Ọkọ̀ tí kò ní klímà, kí ni wáyà klímà ń ṣe níbẹ̀? Ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Capteur lojú ẹ́ńjìnnì. Ẹ gé ti vilebrequin, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ò ní jí rárá. Ẹ gé ti ìgbóná omi, ó lè máa mu ẹsáńsì lámujù. Ẹ gé wáyà iná ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì lè kú lójú ọ̀nà láìkìlọ̀, pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, kí ọ̀bẹ tó kan wáyà, ẹ bèèrè schéma, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sára wáyà kọ̀ọ̀kan. Mẹkáníìkì tó bá kọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.