Ẹ Má Fi Efinrin Jẹ Oyè Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Efinrin kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná Ìyá Àgbà ní abúlé wa lápá Lágelú. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Bí inú bá ń run ọmọ, wọ́n á já ewé díẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi iyọ̀ gbo ó, wọ́n á fún omi rẹ̀ sínú ife. Bí wọ́n bá se àsáró, wọ́n á rẹ́ ẹ sí i. Bí ẹ̀fọn bá pọ̀ lálẹ́, wọ́n á ju ẹ̀ka rẹ̀ sórí ẹyín iná kí èéfín rẹ̀ lè gba inú ilé. Ohun tí mo mọ efinrin mọ́ nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwòrán efinrin ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "holy basil" ni wọ́n pè é. Wọ́n ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo jẹjẹrẹ, ó sì ń lé ìrònú lọ. Inú mi dùn pé ewé ẹ̀yìnkùlé wa ti di gbajúmọ̀. Mi ò bi ara mi ní ìbéèrè kankan, mo fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí wa. Àbúrò ìyá mi kà á fún Ìyá Àgbà.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, òòyì sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí a gbé wọn dé ibùdó ìlera tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ojú nọ́ọ̀sì yí padà. Ó béèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn. Wọ́n ní rárá, pé efinrin ni àwọn ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọlọ́run bá wa ṣe é, a tètè débẹ̀. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé, "Láti ìgbà tí mo ti dáyé, efinrin inú rírun ni mo mọ̀. Ìwọ lo kàwé. Mo rò pé o ti rí èyí tí èmi ò rí ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò wá tàbùkù efinrin. Láti Mọ́níyà dé Lálúpọn, láti Ẹgbẹ́dá dé Akánrán, bóyá ni ẹ ó fi rí agboolé tí ẹ kò ní rí i. Ohun tí àwọn àgbà ń lò ó fún kì í sì í ṣe àlá lásán. Ní 1969, Abayomi Sofowora wà lára àwọn olùwádìí Yunifásítì Ifẹ̀ tó tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Planta Medica lórí bí a ṣe ń lo efinrin nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Òróró tó ń ta sánsán nínú ewé náà ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ohun tó pọ̀ jù nínú òróró efinrin tí wọ́n yẹ̀ wò ni thymol, òun náà ni wọ́n ń fi sínú àwọn omi kan tí a rà ní ilé ìtajà láti fi yọnu. Nítorí náà, nígbà tí ìyá kan lábúlé bá fún ọmọ ní omi efinrin nítorí inú rírun, ó ní ohun tó rọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ewé tí ayé ń pè ní "holy basil" kì í ṣe efinrin wa. Tulsi ni àwọn ará Íńdíà ń pè é. Ocimum tenuiflorum ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń gbìn ín sí àgbàlá, wọ́n sì kà á sí ohun mímọ́. Efinrin ńlá tiwa ni Ocimum gratissimum. Ìdílé kan náà ni wọ́n, àmọ́ ọmọ ìyá kì í ṣe ẹnì kan náà. Efinrin lè ga ju èèyàn lọ, ewé rẹ̀ fẹ̀, etí rẹ̀ rí gán-ún-gàn-ùn bí eyín ayùn. Tulsi kéré, ewé rẹ̀ kéré, irun wà lára igi rẹ̀. Ní Íńdíà gan-an, efinrin wà níbẹ̀, wọ́n sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún un tó túmọ̀ sí "tulsi inú igbó". Àwọn tó ni tulsi mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Àwa tí a ya àwòrán efinrin la sọ wọ́n di ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, nílé níhìn-ín pàápàá, a ní efinrin ńlá, a ní efinrin wẹ́wẹ́, kò sì sí ìyá tó ń se ọbẹ̀ tó máa ṣì wọ́n mú.

Bí wọ́n bá ṣe ìwádìí lórí tulsi, kò sọ ohunkóhun nípa efinrin. Tulsi fúnra rẹ̀, ìwádìí tí wọ́n ṣe lára èèyàn kò tíì pọ̀, iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní ti efinrin, ara eku ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù lórí ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Àtọ̀dọ̀ eku dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ọ̀nà jìn. Ká tilẹ̀ sọ pé efinrin lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ walẹ̀, ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí dókítà mọ̀ pé aláìsàn ń mu ún, kí ewé àti oògùn má baà jọ fà á walẹ̀ kọjá ààlà.

Kódà níbi tí efinrin ti ń ṣiṣẹ́, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ọmọdé bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi tó ń tán lára rẹ̀ ló ń pa á. Ife omi efinrin kan kò lè dá omi yẹn padà. Ohun tó lè dá a padà ni omi iyọ̀ àti ṣúgà: omi tó mọ́ líta 1, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ní kí a fi oògùn zinc kún un fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ojú ọmọ bá ti wọnú, tí kò sì lè mu nǹkan mọ́, ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀. Ní abúlé tí ọ̀kadà ti ń pẹ́ kó tó dé, wákàtí méjì tí a fi dúró de efinrin lè jẹ́ gbogbo àkókò tí ọmọ náà ní.

Àwọn kan nínú yín á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mò ń sọ, pé mò ń kẹ́gàn ohun tiwa. Èmi rò pé òdìkejì ni. Èwo ni ẹ̀gàn jù: kí a bọ̀wọ̀ fún efinrin lórí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, tàbí kí a máa wá orúkọ ewé ilẹ̀ Íńdíà fi bò ó kó tó lè níyì lójú wa? Ẹ lọ bá àwọn eléwé ọmọ ní Bódìjà, ẹ ní kí wọ́n ta oògùn fún yín. Kí wọ́n tó na ọwọ́ sí ewé kan, wọ́n á béèrè: kí ló ń ṣe é? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé aboyún ni? Òògùn aláìbéèrè kì í ṣe ti àwọn baba wa. Àwọn tó fi ewé kan ṣoṣo wo gbogbo àrùn, orí WhatsApp ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń gbà gbọ́ nílé. Ohun tí a bá fi ránṣẹ́, wọ́n á rò pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Bí ẹ bá délé ní ìsinmi, ẹ jókòó ti ìyá yín àgbà, ẹ kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀: ewé wo, kí ni wọ́n ń pè é lábúlé yẹn, ó tó báwo, fún àìsàn wo, ta ni kò gbọ́dọ̀ mu ún. Bí orúkọ bá rú yín lójú, ẹ já ẹ̀ka rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí Ilé Ìwádìí Igbó ní Jẹ́ríkò, n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kó ewéko gbígbẹ pa mọ́ pẹ̀lú orúkọ wọn. Láti ibẹ̀ ni Z. O. Gbile ti ṣe ìwé orúkọ ewéko ní èdè Yorùbá ní 1984. Iṣẹ́ yẹn ṣì ń bẹ nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀.

Ìyá Àgbà ti padà sídìí oògùn wọn. Efinrin ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ṣì ń rẹ́ ẹ sí àsáró. Lọ́jọ́ kejì tí a ti ibùdó ìlera dé, mo kọ ọ́ sí gúrúùpù ẹbí pé ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ kì í ṣe òótọ́, pé èmi ni mo ṣì í. Ojú tì mí. Àmọ́ mo fẹ́ kí ojú tì mí nínú gúrúùpù ju kí n wá kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére síbẹ̀.