Ọ̀kadà tó ti ń sùn lẹ́yìn ilé: ẹ má tíì gbá a ní kíìkì o!

Ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí n fi tiwọn sílẹ̀ ná. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà, ẹ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láràárọ̀ tẹ́ ẹ bá ń lọ wẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀kadà tẹ́ ẹ ti fi tapólì bò látọjọ́ yìí ni.

Ẹ ò ní í ti gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kejì, ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ò fẹ́ẹ́ rí ọ̀kadà mọ́ láwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà kan. Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n fẹsẹ̀ rìn, nígbà tó yá, ọ̀kadà rọra yọ́ padà. Àfi bó tún ṣe di ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 2022, tí wọ́n ní ó ti parí pátápátá ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹsàn-án, ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti fi Kòsọ́fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Múṣin kún un. Gbogbo wa la rí àwọn ọ̀kadà tí wọ́n kó jọ, tí wọ́n fi irin ńlá rún wómúwómú bí ẹni tẹ agolo mílíìkì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá rí ìyẹn, tó sì ní ọ̀kadà nílé, ta ló fẹ́ẹ́ kọ́ ọ lọ́gbọ́n? Ṣe ló máa wọ́ tiẹ̀ wọlé.

Bí Bàbá Ìbejì tó wà ládùúgbò wa ní Múṣin ṣe wọ́ Boxer rẹ̀ wọ ẹ̀yìnkùlé nìyẹn, ó fi tapólì bò ó, ó sì gba iṣẹ́ sẹkiúrítì. Owó oṣù náà kò burú níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tójú wa rí lẹ́yìn ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Epo tí lítà rẹ̀ ò tó igba náírà l'Ékòó fò kọjá náírà 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, oúnjẹ tẹ̀lé e, owó ọkọ̀ tẹ̀lé e, owó oṣù nìkan ló jókòó síbi tó wà. Àwọn ìbejì náà ti wá dàgbà báyìí, kíláàsì tí wọ́n ti ń sanwó ìdánwò WAEC ni wọ́n wà, orí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ni àna rẹ̀ kan tó ń gbé n'Ífọ̀ bá ránṣẹ́ sí i pé kó gbé ọ̀kadà rẹ̀ bọ̀, pé wọ́n ń gùn ún lọ́dọ̀ àwọn níbẹ̀ láìsí wàhálà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tú tapólì náà, lítà epo méjì ló rà dání. Ohun tó fẹ́ẹ́ ṣe ò ju kó da epo tuntun lé èyí tó wà nínú táǹkì látijọ́, kó gbá a ní kíìkì, kó máa lọ. Mẹkáníìkì àgbà kan tó ń gbé nínú ilé náà ló pariwo mọ́ ọn: "Ṣé o fẹ́ pa á ni? Má fọwọ́ kàn án!" Gbogbo ohun tí bàbá yìí ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, nítorí àwọn tó máa ṣe bíi Bàbá Ìbejì pọ̀ nílùú.

Epo ló kọ́kọ́ kàn. Bẹntiróòlù kì í ṣe omi tẹ́ ẹ lè gbé sílẹ̀ fọ́dún méjì kẹ́ ẹ padà wá bá a bó ṣe wà. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, tó ń tètè gbaná, á fẹ́ lọ. Èyí tó wúwo á kù nílẹ̀, á máa pọ́n, á máa rùn bíi ọ̀dà àtijọ́, á sì di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi. Nígbà tí wọ́n fa ti Bàbá Ìbejì jáde sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì ló ní. Ìta gbangba ni wọ́n ti fà á o, níbi tó jìnnà sí ẹni tó ń dáná. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì fi yẹ inú táǹkì wò. Mo ń sọ ọ́ nítorí mo mọ ẹni tó ṣáná sí i kó lè ríran dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ fún oṣù kan gbáko.

Inú táǹkì ti dógùn-ún. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè epo máa ń ní ọ̀rinrin nínú, pàápàá l'Ékòó tó wà létí òkun, ọ̀rinrin yìí ló ń jẹ irin. Bàbá mẹkáníìkì da kẹrosíìnì àti ọ̀wọ́ òkúta wẹ́wẹ́ sí i, òun àtọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé e, wọ́n ń mì ín bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, omi pupa sì ń jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣe é. Wọ́n ka òkúta náà kí wọ́n tó dà á sí i, wọ́n tún kà á nígbà tó jáde. Èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pààrọ̀ rọ́bà epo àti fílítà, torí rọ́bà àtijọ́ ti gan, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ṣẹ́.

Ibi kábúrétọ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jẹ gbèsè. Mẹkáníìkì kan ní títì ti kọ́kọ́ sọ fún Bàbá Ìbejì lórí ìdúró pé tuntun ló máa rà, kò tíì rí ọ̀kadà náà o! Nígbà tí wọ́n tú u, ara rẹ̀ le koko. Oje epo ló dí ihò jẹ́ẹ̀tì, ihò tí kò ju ibi tí òwú máa gbà kọjá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà gún un. Ihò yẹn ní ìwọ̀n. Tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́, ọ̀kadà yẹn á máa mu epo bí ọ̀mùtí títí ayé, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta epo. Inú bẹntiróòlù tó mọ́ ni bàbá rẹ ẹ́ sí mọ́jú, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kànáísà pé kó bá òun fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ. Ó là.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ríìǹgì tó wà lára písítìnì lè ti lẹ̀ mọ́ ibi tó dúró sí látọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá lọ fi agídí gbá kíìkì, ó lè ha ibẹ̀ tàbí kó ṣẹ́ ríìǹgì, owó ńlá sì nìyẹn. Ṣe ni wọ́n tú púlọ́ọ̀gì, wọ́n da ọ́ìlì bíi ṣíbí tíì kan síhò rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀, púlọ́ọ̀gì ṣì wà níta, bàbá fọwọ́ tẹ kíìkì jẹ́jẹ́, ẹ́ńjìnnì yí. Tó bá jẹ́ pé kò yí, ó ní òun ò ní í fipá mú un, òun máa tú orí rẹ̀ ni. Ọ́ìlì ìsàlẹ̀ tí wọ́n tú jáde funfun díẹ̀ bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Wọ́n rọ tuntun. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ tó gbóná dáadáa, wọ́n tún tú tuntun yẹn náà dà nù, wọ́n rọ òmíràn. Bàbá Ìbejì kùn, ó ní owó ń lọ. Bàbá ní kó lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta odidi ẹ́ńjìnnì.

Ẹ má béèrè ohun tá a bá nínú àpótí fílítà afẹ́fẹ́. Tóò, ẹ ti béèrè: ìtẹ́ eku ni, àti bébà kan tó jọ rìsíìtì owó ilé.

Ó tàn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ní ìgbà kẹfà tí wọ́n gbá a. Èéfín funfun kún ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ ń jó, Ìyá Ìbejì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ojú ẹsẹ̀ ni Bàbá Ìbejì ti gbé ẹsẹ̀ lé e, ó ní òun fẹ́ẹ́ gùn ún dé ojú títì wò. Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Níbí yìí ni kẹ́ ẹ ti fetí sí mi, torí ọ̀kadà tí kò tàn kì í pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó tàn tí kò lè dúró ló ń pa èèyàn.

Wọ́n tú ẹsẹ̀ iwájú. Boxer yìí, bíréèkì onílù ló ní, bàtà bíréèkì méjì ló ń fẹ̀ nínú rẹ̀ láti mú ẹsẹ̀ dúró. Àwọ̀ tó wà lójú bàtà yìí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Bàbá kàn fi èékánná rẹ̀ kọ́ ọ báyìí, ó sì ṣí kúrò lára irin bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ojú títì ìlú Ìfọ̀ yẹn, ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta ni. Tírélà ibẹ̀ kì í ṣeré. Tí àwọ̀ yẹn bá ṣí kúrò lórí eré, ó lè kálòlò sínú ìlù kó di ẹsẹ̀ mú lójijì, ó sì lè má mú rárá. Ìyá Ìbejì wọlé, ó mú owó kan jáde láti inú owó ajọ rẹ̀, ó ní: "Bàbá Ìbejì, ẹ fi èyí ra bíréèkì, tiwájú àti tẹ̀yìn. Ẹ má tiẹ̀ bá mi jiyàn." Wọ́n pààrọ̀ okùn bíréèkì pẹ̀lú. Kí n tó gbàgbé, eruku inú ìlù yẹn, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ o, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Àkísà tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún.

Ti táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Bàbá Ìbejì ní táyà òun ṣì ní ehín. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín, ọ̀pọ̀ ló ní nọ́ńbà mẹ́rin nínú àpótí kékeré kan níparí àwọn lẹ́tà tó tẹ̀lé DOT. Tẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ wò ó pẹ̀lú tẹ́ ẹ bá ń ra "tuntun", torí èyí tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà ti gbó. Ti ṣéènì, kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọ́ìlì sí i, ó bọ́ sípò. Bátìrì ti kú fin-ín fin-ín. Kíìkì lè tan ọ̀kadà náà láìsí i, ṣùgbọ́n ìwo àti iná tí wọ́n fi ń yà kò ní í ṣiṣẹ́ dáadáa, ìyẹn ni wọ́n ṣe ra òmíràn.

Kò gùn ún jáde ní Múṣin o. Ẹni tó náwó tó báyẹn kò gbọ́dọ̀ lọ fi lé àwọn agbófinró lọ́wọ́. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n gbé e sí lọ sí Ìfọ̀, wọ́n so ó dáadáa, epo inú táǹkì ò sì tó nǹkan. Ìwé ọkọ̀ rẹ̀ tó ti kú ló kọ́kọ́ sọ di ọ̀tun, kó tó gbé èrò kankan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ó tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún, nítorí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú máa ń dẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì fẹ́ẹ́ gùn tiyín, ẹ fa epo inú rẹ̀ gbẹ, àti ti inú kábúrétọ̀, ẹ yọ bátìrì, ẹ gbé e sórí ìdúró rẹ̀ tó wà láàárín kí táyà má baà dá gbogbo ẹrù rù. Ẹ fi àkísà dí ẹnu sàlẹ́ńsà kí eku má wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì so òwú pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ lè rántí yọ àkísà náà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ tàn án.