Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko: Ẹ̀kọ́ Rashidi Yekini fún Àwọn Ará Ìsundunrin

Nínú gbogbo ìlú òkèèrè tí Rashidi Yekini ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun, Abidjan ni ó kan àwọn ọmọ Ìsundunrin jù. Ní ọdún 1987 ni ó fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Abiola Babes ti Abẹ́òkúta sílẹ̀, tí ó sì kọrí sí orílẹ̀-èdè Ivory Coast láti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Africa Sports. Kí ó tó débẹ̀ rárá ni àwọn ọmọ Èjìgbò, Ìsundunrin àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ti sọ Abidjan di ọ̀nà oko wọn. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ti ń gbérò ní Èjìgbò, tí í gba Kutonu, Lomé àti Accra kọjá kí ó tó gúnlẹ̀ sọ́hùn-ún. Agbo ilé tí kò ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kankan ní Ivory Coast kò wọ́pọ̀ lágbègbè náà. Ẹni tí ń tajà ní Treichville àti ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá, ohun kan náà ni wọ́n bá lọ: kí wọ́n fi agbára ìgbà èwe wá ohun tí wọn yóò mú bọ̀ wálé.

Ìdí nìyí tí ìtàn Yekini fi yẹ ní gbígbé yẹ̀wò ní Ìsundunrin ju bí wọ́n ti ń gbé e yẹ̀wò lórí rédíò lọ. Góòlù ni wọ́n ń kà lórí rédíò. Bí ó bá jẹ́ ti góòlù nìkan, ìtàn náà dùn dópin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí góòlù tán ni ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀.

Kàdúná ni wọ́n bí Yekini sí ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá, ọdún 1963, ṣùgbọ́n Irá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni orírun rẹ̀. Ẹgbẹ́ UNTL ti Kàdúná ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó wá sí Shooting Stars ní Ìbàdàn ní ọdún 1982. Láti Abidjan ni ó ti kọjá sí ẹgbẹ́ Vitória de Setúbal ní ilẹ̀ Pọtogí ní ọdún 1990, ibẹ̀ sì ni ìràwọ̀ rẹ̀ ti tàn jù. Ní ọdún 1993, wọ́n fi í joyè agbábọ́ọ̀lù tó mókè jùlọ ní Áfíríkà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí oyè náà tẹ̀ lọ́wọ́. Ní sáà ìdíje 1993 sí 1994, góòlù 21 ni ó jẹ nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Pọtogí, kò sì sí ẹni tí tirẹ̀ tó o. Nígbà tí Nàìjíríà gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà ní ọdún 1994, góòlù 5 tí ó jẹ ni ó pọ̀ jù nínú gbogbo ìdíje náà.

Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún 1994 dé, ní ìlú Dallas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Finidi George ta bọ́ọ̀lù síwájú ilé Bulgaria, Yekini sì tì í wọlé. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìtàn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Ó sáré wọ inú ilé góòlù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń sunkún, ó ń ké. Gbogbo ayé ló rí àwòrán náà. Góòlù 37 ni ó jẹ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, kò sì sí ọmọ Nàìjíríà mìíràn tó jẹ tó bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.

Ó gbá bọ́ọ̀lù kiri ilẹ̀ Gíríìsì, Sípéènì, Switzerland, Tùnísíà àti Saudi Arabia, ó tún padà sí Africa Sports ní Abidjan, ó sì gbá díẹ̀ sí i nílé kí ó tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ìsinmi tí Yekini bá nílé kò jọ ìsinmi. Ó ń dá gbé, kì í fẹ́ dá sí òde, ìròyìn sì ń tàn káàkiri pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, ó jáde láyé ní ẹni ọdún 48, wọ́n sì sin ín sí Irá. Ohùn àwọn tó sún mọ́ ọn kò ṣọ̀kan lórí bí ọjọ́ ìkẹ́yìn rẹ̀ ti rí, kò sì tọ́ kí ẹni tí kì í ṣe dókítà rẹ̀ máa dárúkọ àìsàn lé e lórí. Èyí tó dájú ni pé kì í ṣe òjijì ni ọ̀rọ̀ náà dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ pé nǹkan kò lọ déédéé fún un, wọ́n sì gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìròyìn ni.

Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Òwe yìí tú àṣírí ìwà àwùjọ. Bí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù bá dá, gbogbo ìlú ni yóò máa bi í léèrè àlàáfíà. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń dàrú, ìran ni wọn yóò máa wò. Nígbà tí ó bá wá kú tán, ọ̀rọ̀ ìyìn a máa rọ̀ bí òjò, nítorí pé lọ́jọ́ ikú erin, oríṣiríṣi ọ̀bẹ là ń rí.

Irú èyí kò mọ sí Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Bràsíl, níbi tí bọ́ọ̀lù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀sìn, Garrincha ni òmíràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọ́, ọ̀kan sì gùn ju èkejì lọ, síbẹ̀ agbára káká ni adènà fi ń dá a dúró. Ó wà nínú ikọ̀ tó gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ọdún 1958, nígbà tí Pelé sì fara pa ní ọdún 1962, òun gan-an ni ó gbé Bràsíl dé ibi ife. Ìdùnnú àwọn ènìyàn ni wọ́n fi ń kì í. Ṣùgbọ́n ọtí di ọ̀gá lé e lórí. Ní ọdún 1973, wọ́n ṣètò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdágbére fún un ní pápá Maracanã, èrò kún ibẹ̀ dẹ́nu, wọ́n sì kó owó jọ fún un. Owó náà kò wò ó sàn. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kìíní, ọdún 1983, ó kú ní ẹni ọdún 49. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Maracanã, èrò tún kún.

Kì í ṣe pé àwọn ará Bràsíl kò fẹ́ràn Garrincha, tàbí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kórìíra Yekini. Ìfẹ́ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n orí pápá àti ẹ̀bá sàréè ni ó ti pọ̀ jù, àárín méjèèjì sì gbẹ.

Àwọn kan yóò sọ pé àgbàlagbà ni Yekini, pé ó ti rí owó rí, pé ẹni tó bá sì fẹ́ dá wà ní ẹ̀tọ́ láti dá wà. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ọkàn yàtọ̀ sí àárẹ̀ ara. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun dá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dàrú lè má mọ̀, ó sì lè máa wo olùrànlọ́wọ́ bí ọ̀tá. Nítorí náà, ìrànlọ́wọ́ tó bá dúró dìgbà tí àìsàn bá wọlé tán ti pẹ́ jù. Kí ó tó dé ló yẹ kí ẹni tí aláìsàn yóò gbọ́ tirẹ̀ ti wà nítòsí.

Iṣẹ́ bọ́ọ̀lù sì ní ewu tirẹ̀ níhìn-ín. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni àwọn ẹlòmíràn ti ń sọ ìgbà tí agbábọ́ọ̀lù yóò jí, tí yóò jẹun, tí yóò sùn. Dókítà ń yẹ orúnkún rẹ̀ wò, akọ́nimọ̀ọ́gbá ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa tó ẹni ogójì ọdún, iṣẹ́ ti tán, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń tajà ní Abidjan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jèrè làálàá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè bí ó ṣe sùn mọ́jú.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàìní ọgbọ́n tó lè fi kojú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Aro, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ṣètò pé kí àwọn tí ọkàn wọn kò dá máa gbé nínú ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí ẹbí kan wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Ayé gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, Lambo sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ohun tí Aro fi hàn ni pé ìlú fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ara oògùn. Ènìyàn boni lára ju aṣọ lọ.

Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Abidjan mọ bí a ṣe ń gba àlejò. Bí ọmọ tuntun bá ti ilé dé, ará ilé ni yóò gbà á sílé, ará ilé ni yóò mú un mọ ọjà. Ta wá ni ń gba ẹni tó ń padà bọ̀? Ilé tí ó kọ́ ni wọ́n ń wò, owó tí ó dá nínú ìpàdé ni wọ́n ń kà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ìtìjú yìí ni ó ń mú kí àwọn mìíràn dàgbà sí òkèèrè láìwálé mọ́.

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yan àgbà méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa bẹ ẹni tó bá dé wò ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, láìbéèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí òbí tí ọmọ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù í gbá rí i pé ọmọ náà kò fi ilé ìwé sílẹ̀, kí agbẹjọ́rò sì ka ìwé àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ó sì yẹ kí àwọn ìdílé yé fi àárẹ̀ ọkàn pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní, ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀tọ́ àti iyì aláìsàn múlẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọkàn, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Èjìgbò. Lílọ síbẹ̀ kò lẹ́gàn ju lílọ gba abẹ́rẹ́ ibà.

Ilẹ̀ Irá ti gba Yekini, ó sì ti di ohun ìrántí. Àwọn ọmọ Ìsundunrin tó wà lójú ọ̀nà Abidjan lónìí ṣì ń bọ̀ wálé. Kí ilé gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ kí ilẹ̀ tó gbà wọ́n.