Owó tẹlifíṣàn ń wọlé fún yunifásítì, ọjà ń dákẹ́ fún onílé oúnjẹ

Bí àwọn ọlọ́jà kan ṣe ń retí ọdún Iléyá, bẹ́ẹ̀ làwọn onílé oúnjẹ àtàwọn onílé ìtura Pullman, ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà, ṣe ń retí Sátidé mẹ́fà tàbí méje lọ́dún. Ọjọ́ wọ̀nyẹn ni Yunifásítì Washington State máa ń gbàlejò ìdíje bọ́ọ̀lù, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, kì í ṣe àfẹsẹ̀gbá.

Àmọ́ àwọn tí kò ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ló ń da ọjọ́ náà rú. Lóṣù kẹfà ọdún 2022, USC àti UCLA kéde pé àwọn yóò kúrò nínú líìgì Pac-12 lọ sí Big Ten. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Big Ten kéde àdéhùn pẹ̀lú Fox, CBS àti NBC, owó tó lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là fún ọdún 7. Ta ni yóò rí irú owó bẹ́ẹ̀ tí kò ní sáré? Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 fi wọlé, nínú yunifásítì 12, Washington State àti Oregon State nìkan ni kò rí ibi lọ. Stanford tó wà lápá òkun Pàsífíìkì ti gba líìgì tí wọ́n fi òkun Àtìláńtíìkì sọ lórúkọ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìyẹn ìbá jẹ́, bí kò bá kan owó ẹlòmíì.

Ẹ wo ìdíje tí Washington State máa ń bá Yunifásítì Washington ṣe, tí wọ́n ń pè ní Apple Cup. Ìparí oṣù kọkànlá ló sábà máa ń bọ́ sí tẹ́lẹ̀, lásìkò ọdún Ìdúpẹ́. Lọ́dún tó bá kan Pullman, ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ sílé, tí òtútù ti mú, tí ọjà ti ń dákẹ́, ni èrò yóò rọ́ dé. Ní báyìí tí líìgì wọn ò pa pọ̀ mọ́, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n rí àyè fún un: ọjọ́ 14 lọ́dún 2024 ní Seattle, ọjọ́ 20 lọ́dún 2025 ní Pullman. Oṣù kẹsàn-án tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ìlú ti kún tẹ́lẹ̀! Ìdíje ò parẹ́ lóòótọ́, àsìkò tó wúlò fún ọlọ́jà ló lọ.

Ti Stillwater tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oklahoma State na Oklahoma 27-24 níbẹ̀ lọ́jọ́ 4, oṣù kọkànlá, ọdún 2023. Lọ́dún 2024, Oklahoma bá Texas lọ sí líìgì SEC, kò sì sí ìdíje náà lọ́dún yẹn, kò sí i lọ́dún 2025. Àwọn kan jèrè ṣá: Texas tún dé College Station lóṣù kọkànlá ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ òun àti Texas A&M ò pàdé mọ́ láti ọdún 2011.

Aago tí ìdíje yóò bẹ̀rẹ̀ tún ń bẹ níbẹ̀. Tẹlifíṣàn ló ń mú un, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í sì í kéde rẹ̀ títí yóò fi ku ọjọ́ 12, tàbí ọjọ́ 6 pàápàá. Báwo ni ẹni tó ń dáná fún èrò yóò ṣe mọ iye ẹran tí yóò rà, tàbí iye òṣìṣẹ́ tí yóò pè, nígbà tí kò mọ̀ bóyá ọ̀sán ni èrò ń bọ̀ tàbí alẹ́? Àwọn yunifásítì ló ń gba owó náà, àwọn náà ló yẹ kó sọ ọ́ sétí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Àdéhùn Big Ten yóò parí lọ́dún 2030. Kí wọ́n tó tọwọ́ bọ òmíràn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé aago gbọ́dọ̀ jáde lóṣù kan ṣáájú, kí ìdíje aládùúgbò sì padà sí oṣù kọkànlá.